Kí ọmọ tó lọ kàwé lórí ètò iná: Ohun tó yẹ kí àwọn òbí ní Ẹ̀rìn-Ilé mọ̀

Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ṣe rí gan-an nìyẹn fún Ẹ̀rìn-Ilé àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ní Jẹ́bà, níbi tí Kwara ti bá ìpínlẹ̀ Niger pààlà, ni wọ́n ti sé Odò Ọya, tí wọ́n sì ti ń fi omi rẹ̀ pèsè iná láti ọdún 1985. Ti Kainji, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1968, ilẹ̀ Borgu ló wà. Abẹ́ Kwara ni Borgu yìí wà títí di ọdún 1991 tí ìjọba ológun gé e mọ́ ìpínlẹ̀ Niger. Iye iná tí wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì láti pèsè lé ní mẹ́gáwáàtì 1,300. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àtùpà àti jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbójú lé.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òbí fara balẹ̀ gbọ́ ọmọ rẹ̀, bí ọmọ náà bá parí yunifásítì, tó sì wálé wá sọ pé òun tún fẹ́ padà sílé-ìwé, pé ìlànà ìjọba lórí iná àti epo lòun fẹ́ gba oyè Másítà lé lórí. Ohun tí bàbá mìíràn yóò kọ́kọ́ rò ni pé ọmọ òun fẹ́ di ẹni tó ń gun òpó iná. Ìyá lè béèrè pé ṣé iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, nítorí owó ìdílé ni wọ́n fẹ́ ná.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà nìkan

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti mọ bí omi ṣe ń yí ẹ̀rọ tí iná fi ń jáde, àti bí iná náà ṣe ń gba orí wáyà dé ilé. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ yìí yàtọ̀. Ohun tó ń wádìí ni ẹni tí yóò san owó iná, iye tí yóò san, àwọn tí iná yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, àti ohun tí òfin sọ bí wọ́n bá rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, òfin, ìṣirò àti ìṣèjọba ni wọ́n lù pọ̀ nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí kò ṣàjèjì sí ará ìlú kankan ni ti tiransifọ́mà. Bí èyí tó wà ládùúgbò bá jó, ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú máa ń ṣe ni pé kí olúkúlùkù dá owó, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kó o jọ, kí wọ́n sì lọ ra òmíràn. Bí wọ́n bá ti gbé e dúró, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ apínná ló bọ́ sí nìyẹn. Àwọn tó dá owó rà á ni yóò tún máa san owó iná tó ń gba inú rẹ̀ wá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà. Bí ìlú kan bá sì fẹ́ rà á fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ń ni wọ́n, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ apínná tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí bí owó wọn yóò ṣe padà. Àìmọ̀ ìlànà yìí ló ń mú kí owó ìlú wọgbó, kì í ṣe àìsí ẹnjiníà.

Ti Kainji pàápàá fi hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi rẹ̀ kún, nǹkan bí èèyàn 44,000 ló kúrò nílé wọn, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ẹnjiníà mọ ibi tí omi máa dé. Bí wọ́n ṣe máa tu àwọn tí omi lé kúrò lójú, ọ̀rọ̀ ìlànà nìyẹn. Ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣòfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi omi pèsè iná, tí Kwara sì wà lára wọn. Ọdún 2020 ni àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1968 ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta nígbà náà.

Òfin ọdún 2023

Ohun tó mú ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni òfin tuntun. Láyé àtijọ́, ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti pèsè iná fún ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó mú ìdènà náà kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin iná mànàmáná tuntun. Ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣe òfin tirẹ̀, tó sì dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, lè gba àkóso ọjà iná lọ́wọ́ NERC. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 2024.

Iṣẹ́ tí Àbújá nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti ń di iṣẹ́ àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n á nílò ẹni tó mọ òfin iná kọ, tó lè bá oníṣòwò dúnàádúrà, tó sì lè ṣírò iye tó yẹ kí yúníìtì iná kan jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó yúníìtì kan kúrò ní nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Bí ìlú kan bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi tò ó sí ìsọ̀rí tó wà, tàbí bóyá wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún un pé, ó ń fẹ́ ọmọ tó lè ka ìwé àṣẹ náà kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó kan fún un, Centre for Petroleum, Energy Economics and Law, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeola Adenikinju ti darí rí. Yunifásítì Port Harcourt ní Emerald Energy Institute. Ní Scotland, ibùdó tó wà ní Yunifásítì Dundee ti ń kọ́ni lórí òfin àti ìlànà epo àti ohun àlùmọ́ọ́nì láti ọdún 1977.

Àpẹẹrẹ ẹni tí ọ̀nà yìí gbé dé ibi gíga ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wumi Iledare. Ìmọ̀ ẹ̀rọ epo rọ̀bì ló kọ́kọ́ kà ní Ìbàdàn. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ló yà sí ọrọ̀-ajé epo, tó sì kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Louisiana State University. Lọ́dún 2014, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé epo àti iná lágbàáyé. Ó padà wálé, ó sì darí Emerald ní Port Harcourt.

Kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀

Ọmọ tó gba HND, irú èyí tí wọ́n ń fúnni ní Federal Polytechnic Ọ̀fà, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà yóò ní kó kọ́kọ́ ṣe PGD kí wọ́n tó gbà á fún Másítà. Ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀ náà ṣe pàtàkì, kó má ṣe fi í ṣeré.

Ní ti owó, bí ẹ̀kọ́ Másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tilẹ̀ ju ọdún kan lọ, owó pọ́n-ùn ti di nǹkan mìíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó náírà 600 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá náírà 1,800. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 bákan náà, ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tó ń ka irú Másítà yìí mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Nítorí náà, ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ wá. Àjọ PTDF, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 láti inú owó epo, máa ń rán àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ ka Másítà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Chevening, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, wọ́n sì ń béèrè pé kó padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀kankan gbà lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan òbí pé iṣẹ́ ti ń dúró de ọmọ: oyè nìkan kì í gbani síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ìlú dúró de ọmọ tó lọ kàwé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí wọ́n wá ìwé gbogbo tiransifọ́mà àti òpó tí wọ́n ti fi owó ìlú rà jáde, kí wọ́n wo èyí tó ní àdéhùn àti èyí tí kò ní, kí wọ́n sì kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Kwara. Bí ọmọ bá sì padà dé pẹ̀lú oyè rẹ̀, ó ti rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.