Ìfẹ̀yìntì sí Ìkẹ́rẹ́ láti Ìlú Òyìnbó: Ọ̀rọ̀ Oògùn àti Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún ní ìlú Òyìnbó, tí wọ́n wá ń múra àtipadà sí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré láti fẹ̀yìn tì. Ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ wà nílé jù wọ́n lọ, nítorí bí àìsàn bá dé lóru, ilẹ̀kùn yín ni wọn yóò kàn, owó ọjà yín ni wọn yóò sì kọ́kọ́ ná.

Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rò. Wọn a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn a gbẹ́ kànga, wọn a ra jẹnẹrétọ̀. Ó dára. Àmọ́ ta ni yóò máa bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru? (Ní tiwa, ilé ilẹ̀ ló yẹ arúgbó tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Ọdún 1948 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera NHS sílẹ̀. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ kì í sanwó kí dókítà tó wò ó. Ní England, ẹni tí ó bá ti pé ọgọ́ta ọdún a máa gba oògùn tí dókítà kọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn wa wá rò pé nígbà tí àwọn ti san owó orí fún ogójì ọdún, ẹ̀tọ́ àwọn ni títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe owó tí ó ti san sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ó bá kó wálé pátápátá ni ẹ̀tọ́ náà dúró. Bí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú padà gẹ́gẹ́ bí àlejò, tí wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù, owó tí wọn yóò bi í lè tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná NHS fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ìlú wọn bá padà lọ láti máa gbé ibẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìjọba ibẹ̀ yóò máa san án dé ọ̀dọ̀ yín níhìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi kún un. Ní oṣù April ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún ti àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí ó wálé ní 2010 pẹ̀lú £97.65 lọ́sẹ̀, iye kan náà ló ń gbà títí di òní, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró sí Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba £169.50 ní 2024. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ará Jàmáíkà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà, tí ó padà sí ìlú tirẹ̀, wọ́n ń fi kún tirẹ̀, nítorí ìjọba méjèèjì ní àdéhùn. Nàìjíríà kò ní in. Àwọn kan á ní, ṣebí náírà ti já wálẹ̀ láti 2023, pọ́n-ùn kan ti di owó ńlá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn òkè òkun ni dọ́là ń díye lé, òun náà ti gòkè.

Nílé níhìn-ín, òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti wọ ètò, Èkìtì sì ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ju ìdá méje nínú mẹ́wàá owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà ni aláìsàn ń san láti àpò ara rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó sí ètò kankan, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹ ń gba ẹni àádọ́rin ọdún? Àìsàn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọsibítù wo ni a ó lò? Ìkẹ́rẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Ọsibítù ńlá ti yunifásítì wà ní Adó àti Ìdó, ti ìjọba àpapọ̀ tún wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́jọ́ tí ara le, èwo ló ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, èwo ló ní ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló fa rọpárọsẹ̀, oògùn tí ń yọ́ ọ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Ẹni tí ń wá ọ̀nà kiri lóru kò lè bá a.

Kí ẹ̀gbọ́n yín tó kúrò lọ́hùn-ún, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀: àìsàn tí ó ń ṣe é, àti orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń tà á, nítorí orúkọ páálí ibẹ̀ lè má sí ní Adó. Ẹ ra oògùn ní ilé oògùn tí ó níwèé àṣẹ, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ní ti abẹ́rẹ́ insulin fún àtọ̀gbẹ, inú fíríìjì ni èyí tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó di yìnyín. Èyí tí à ń lò lọ́wọ́ lè wà ní ìta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá pọ̀. Bí iná bá lọ, àmù amọ̀ tí a fi omi rin lára a máa tutù ju inú yàrá lọ. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí kí fíríìjì tó dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da owó ìlera pọ̀ mọ́ owó ọjà tàbí owó ilé. Ẹ ṣí ìwé ìfowópamọ́ ọ̀tọ̀ fún un, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun. Ẹ sì máa bojú wo lẹ́tà: ìjọba ibẹ̀ a máa fi ìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà láàyè. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó dá a padà. Bí wọn kò bá rí i gbà, wọ́n lè dá owó náà dúró, ẹ sì mọ bí lẹ́tà ṣe ń rìn títí dé Ẹmùré.