Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Lórí Owó Oṣù Kan: Ìṣirò Ọdún Kérésìmesì Nígbà Tí Owó Kò Tó

Ìnáwó Kérésìmesì kì í parí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ní Nàìjíríà ló máa ń san owó oṣù Kejìlá ṣáájú ọdún, kí òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan gbé délé. Bí owó náà bá wọlé ní ọjọ́ 20, tí òmíràn kò sì ní dé títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ọjọ́ 42 ló wà láàárín méjèèjì. Owó oṣù kan ni ilé yóò fi gbọ́ bùkátà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin kà sí owó oṣù tó kéré jù. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 30, ó lé ní ₦2,300 lóòjọ́. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 42, kò tó ₦1,700. Àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí náà sì ni àwọn ọmọ máa ń wọlé fún sáà kejì, tí owó ilé ẹ̀kọ́ yóò yọjú.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ọdún ni ìṣirò ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká fi ìdílé kan tí ₦200,000 ń wọlé fún lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Oúnjẹ wọn ń gba ₦3,000 lóòjọ́, owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ jẹ́ ₦24,000, owó ilé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ₦20,000. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣírò oúnjẹ yóò kọ ₦90,000 sílẹ̀, yóò sì gbà pé ₦66,000 ló ṣẹ́ kù fún ọdún. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ 42 jẹ́ ₦126,000. ₦30,000 ló ṣẹ́ kù ní tòótọ́. ₦36,000 tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ méjìlá nínú oṣù Kìíní. Ẹni tó bá fi ra adìyẹ àti aṣọ ti jẹ ẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ti ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Owó máa ń wọlé fún télọ̀, onídìrí àti aláṣọ ní oṣù Kejìlá, ọjà á sì dákẹ́ bí ọdún bá ti kọjá. Èrè ni irú wọn lè fi ṣọdún. Bí ojú owó bá wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, kò ní sí ohun tí wọn yóò fi kó ọjà tuntun.

Oúnjẹ

Iye ẹnu tó máa jẹun ló ń sọ iye ìrẹsì tí a máa rà. Kóńgò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀. Ilé tí kóńgò mẹ́rin bá tó kò nílò àpò 50 kìlógíráàmù. Bí ìdílé mẹ́rin bá dáwó ra àpò kan, kálukú yóò gba kìlógíráàmù 12 àti ààbọ̀, láìsan èrè tí oníkóńgò ń fi lé e. Kí a má gbàgbé aládùúgbò nínú ìṣirò yìí. Abọ́ ìrẹsì tí Kìrìsìtẹ́nì gbé fún aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Kérésìmesì ni ẹran Iléyá máa ń dáhùn. Bí owó kò bá tó, kí a dín ohun inú abọ́ kù, kí iye ilé tí abọ́ ń dé má dín.

Ẹran ló máa ń mú owó tán. Adìyẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó tó pa, nítorí náà ẹni tó ní àyè lẹ́yìnkùlé lè ra òròmọdìyẹ ní ìparí oṣù Kẹwàá. Oúnjẹ wọn ló ń ná ni lówó jù, ó sì yẹ kí a ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú. Adìyẹ tó ti yé ẹyin tán kì í wọ́n tó èyí tí wọ́n sìn fún jíjẹ, àmọ́ ó le. Gáàsì tàbí èédú tí yóò jẹ kó tó rọ̀ wà nínú owó rẹ̀.

Aṣọ àti ìrìnàjò

Aṣọ tó bá dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún ń bá èrò níbẹ̀: owó ìránṣọ á ga, aṣọ náà sì lè má yá. Òkìrìkà tí a fọ̀, tí a sì lọ̀ dáadáa, kì í dójú ti ọmọ. Bàtà dúdú tí ó lè wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìíní ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Owó mọ́tò láti Èkó sí Èkìtì, Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun máa ń gbéra bí ọdún ti ń sún mọ́lé, ti àbọ̀ náà kì í sì í rọjú nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń padà. Àlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ṣírò, bẹ́ẹ̀ ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ń san owó ìjókòó mẹ́wàá. Bí èyí bá ju agbára lọ, ẹnì kan lè ṣojú àwọn yòókù, kí ó gbé ẹ̀bùn dání fún àwọn àgbà, kí gbogbo ilé sì lọ nígbà Àjíǹde.

Ohun tí kò bá ṣeé ṣe, ó yẹ kí tọkọtaya ti fẹnu kò lé e lórí, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú. Ọmọ tó bá gbọ́ ní oṣù Kọkànlá á ti gbé e kúrò lọ́kàn kí ọdún tó dé. Owó tí a yá lórí fóònù láti fi bo irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ń kó èlé jọ, inú owó oṣù Kìíní kan náà ni yóò sì ti jáde.

Àjọ

Ẹni tó ń dá ₦500 lóòjọ́ fún alájọ yóò ní ₦15,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ₦14,500 á kù. Nínú èsúsú, iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, ẹnì kan ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún oṣù Kọkànlá ló bá ọdún mu. Àwọn mìíràn ń dáwó màlúù: bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lóṣù láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá, ₦550,000 ni wọn yóò gbé lọ sí ọjà màlúù. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ ni kí a dáwó fún, kí ó sì máa sàmì sí káàdì lójú ẹni tó dá a.

Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú owó ọdún ní alẹ́ ọjọ́ 26 ni ìdáwó àkọ́kọ́ fún ọdún tó ń bọ̀.