Ìlera Bátìrì Ẹ̀rọ Gèèmù Àfọwọ́mú

Ọ̀rọ̀ tòní lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àgbà, nítorí pé ti gèèmù ni. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá ti fi owó gidi ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà, tí ó gbé e dé Asese, tí ẹ̀rọ ń fi 100 hàn lójú, tí kò sì lo wákàtí kan kí ó tó kú, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti eré.

Iye tí ó ń hàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ìlera bátìrì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìkòkò omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹrẹ̀ bá ti dì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò dé ìdajì, tí a sì pọn omi kún un dé ẹnu, a kò parọ́ bí a bá wí pé ìkòkò kún. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kò tó ti ìgbà tí a rà á mọ́.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, a fi Ẹ̀bùn Nobel dá John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino lọ́lá nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Bí a bá ń fi iná sí i, àwọn èérún lítíọ́ọ̀mù a máa gba inú omi kẹ́míkà kọjá lọ sí apá kan tí a fi ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù ṣe. Bí a bá ń lò ó, wọn a padà. Ṣùgbọ́n èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń dì sára ohun dúdú náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú lára lítíọ́ọ̀mù náà mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó padà mọ́. Ẹrẹ̀ inú ìkòkò wa nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó máa ń mú un yára: ooru, àti kí bátìrì wà ní kíkún dẹ́múdẹ́mú fún ìgbà pípẹ́.

Àwa tí a ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Asese kì í sì í fi méjèèjì wọ̀nyí du bátìrì wa. Iná mànàmáná kì í bá wa dá àdéhùn. Bí ó bá dé, gbogbo ilé a sáré ki ṣáájà bọ ògiri, a ó sì fi ẹ̀rọ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí a kò mọ ìgbà tí iná yóò tún lọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí ebi ti pa rí ni ó mọ ìdí tí a fi ń tọ́jú oúnjẹ. Ẹ sì wo ọmọ tí ń bá òbí rẹ̀ bọ̀ láti Èkó: ọkọ̀ dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, oòrùn ń pa ẹ̀rọ, ó ń gba iná lára ọkọ̀, ọmọ sì ń ṣeré lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn burú ju ti ilé lọ. Kí a gba iná tán, kí a yọ ọ́. Kí a má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa. Switch 2 tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2025 ní ètò tí ń dá iná dúró ní nǹkan bí ìdá 90 nínú 100. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó lò ó.

Àwọn kan ṣì ń kọ́ ọmọ pé kí bátìrì kú pátápátá kí a tó fi iná sí i. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì ayé àtijọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn wà fún. Kíkú pátápátá a máa pa lítíọ́ọ̀mù lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹ̀rọ pamọ́ nítorí ìdánwò, kí ó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn Nintendo fúnra wọn sọ pé kí a fi iná sí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6.

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Steam Deck rọrùn: bí a bá yí i sí ipò kọ̀ǹpútà, yóò fi iye agbára tí bátìrì lè gbà nígbà tí ó wà ní tuntun hàn, àti iye tí ó lè gbà nísinsìnyí. Ti ọdún 2022 jẹ́ 40. Bí ó bá ku 32, ìlera rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100. Switch kì í fi èyí hàn. Aago ni a ó fi wọ̀n ọ́n: kí a fi iná kún un, kí a ṣe gèèmù kan náà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kan náà, kí a kọ wákàtí tí ó lò sínú ìwé, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ti ọdún 2017 máa ń lo wákàtí 2 ààbọ̀ sí 6 ààbọ̀ nígbà tí ó wà ní tuntun, gẹ́gẹ́ bí gèèmù bá ti rí. Ẹni tí ń ra tòkunbọ̀, kí ó jókòó ti olùtajà fún ààbọ̀ wákàtí kan, kí ó wo bí iye náà ti ń sáré tó kí ó tó sanwó.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń wú, tàbí pé dígí ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò láàyè, ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́. Afẹ́fẹ́ ni ó ti kún inú bátìrì. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ohun ṣóńṣó gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí a ń dáná sun. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì níbi tí oòrùn kò dé, jìnnà sí aṣọ àti epo jẹnẹrétọ̀, títí ẹ ó fi rí oníṣẹ́ tí ó mọ bí a ti ń yọ ọ́.