Iná Fusion: Ṣé Èrè Ti Wọlé?

Ìlú epo ni à ń gbé, nítorí náà ó yẹ kí á mọ ibi tí àwọn elépo ń kó owó sí. Chevron, tó kéde ní 2024 pé òun ń gbé olú ilé-iṣẹ́ òun bọ̀ ní Houston, ti fi owó sínú ilé-iṣẹ́ fusion méjì: Zap Energy ní 2020 àti TAE ní 2022.

Kí ni fusion?

Ohun tí oòrùn ń ṣe ni. Bí ooru bá pọ̀ tó, kóró inú átọ́ọ̀mù háídírójìn méjì á lẹ̀ pọ̀, agbára ńlá á sì jáde, láìsí èéfín kábọ́nì. Ilé iná átọ́míìkì tó wà nítòsí Bay City níbí, ńṣe ló ń la kóró sí wẹ́wẹ́. Fusion ń so ó pọ̀ ni.

Ìṣirò rẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2022, ní National Ignition Facility ní California, wọ́n fi iná lésà 2.05 megajoule lu háídírójìn, 3.15 sì jáde. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 300 megajoule ni ẹ̀rọ lésà náà fà láti ara wáyà kó tó ṣiṣẹ́. Ó dà bí ìyá onítòmátì tó ra ọjà ní ₦2,050, tó tà á ní ₦3,150, àmọ́ tó san ₦300,000 fún ọkọ̀ tó kó o. Ẹ kọ owó ọkọ̀ sínú ìwé, ẹ ó rí i pé àdánù ni.

Ìgbà wo ló máa dé?

Commonwealth Fusion Systems fẹ́ kọ́ ilé iná kan sí Chesterfield County ní Virginia, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2030. Ní 2025, Google ṣe àdéhùn láti ra 200 megawatt níbẹ̀. Àdéhùn ni o: kò tíì sí ibì kan láyé tí wọ́n ti ń fi fusion tanná fún ará ìlú.

Ìmọ̀ràn wa

Chevron lè pàdánù owó yìí kó má mọ̀ ọ́n lára; àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìpín fusion lọ̀ yín lóde àríyá, ẹ béèrè ìwé ìṣirò rẹ̀, títí kan owó ọkọ̀. Ẹ má fi owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó ìfẹ̀yìntì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má torí rẹ̀ dá sólà ilé bàbá yín dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ràn físíìsì, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ dáadáa. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún un.