Okùn wo ló yẹ ẹni tó ń kan páànù?

Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kì í fi igbà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń kan páànù ńkọ́? Lásán ni wọ́n ń gòkè.

Àwọn kan ti ń ra ìgbànú báyìí. Ìyẹn ò tó o: bí èèyàn bá já bọ́, ikùn nìkan ni ìgbànú á fún pọ̀. Harnais ló ń pín ìwúwo náà sí itan, àyà àti èjìká.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Okùn harnais tó gùn ní mítà 2, tó ní absorbeur tó ń ya díẹ̀díẹ̀ kí ara má baà gbọ̀n jù, ń fẹ́ àyè tó tó mítà 6 nísàlẹ̀ ibi tí a so ó mọ́. Mélòó nínú ilé wa ló ga tó bẹ́ẹ̀? Lórí ilé mítà 4, ẹni náà á ti kanlẹ̀ kí okùn tó mú un. Nírú ilé yẹn, okùn kúkúrú tí kò ní jẹ́ kó dé etí òrùlé rárá ló dáa, tàbí kí ẹ to pẹpẹ onígi yí ilé ká, pẹ̀lú igi ìdènà. Pẹpẹ wọ́n ju okùn lọ, mo mọ̀. Síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù, torí kò dúró de kí òṣìṣẹ́ rántí ohunkóhun.

Ẹ má so okùn mọ́ pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Èyí tó bá sì ti gba ẹnì kan là lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé e, kí ẹnikẹ́ni má tún lò ó.