Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Ṣé Onílé Ni Wá Tàbí Ayálégbé?

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kan gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Ó kan olùkọ́, ó kan òbí, ó sì kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa ń sọ fún àwọn olùdìbò pé ẹ̀kọ́ ni ogún tí ó dára jù lọ tí ìjọba lè fi sílẹ̀ fún ọmọ tálákà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Ètò tí ó jáde ní 2015 yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tokunbo tí a ń rà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. A kò sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà náà kú. Wọ́n ń tàn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri wọn, kò sí ẹni tí yóò wá dí i. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè fún ohun kan tí a ń pè ní TPM 2.0 àti fún àwọn ẹ̀yà ara tuntun mìíràn, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018 kò ní.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó yóò ṣe? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni pé kí a ra kọ̀ǹpútà tuntun. Gbogbo wa ni a sì mọ bí àpò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti rí. Èkejì ni pé kí a lọ gba àdàkọ Windows tí a kò sanwó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìgboro. Olè ni èyí, bí a tilẹ̀ ti sọ ọ́ di àṣà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kòkòrò tí ń ba iṣẹ́ jẹ́ sì máa ń fara pamọ́ sínú irú àdàkọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe kọ́ ọmọ pé kí ó má jalè, tí yóò sì jókòó sídìí ẹrù olè kọ́ ọ? Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, Linux ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1991, ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì, Linus Torvalds, kọ ọkàn ètò kan tí ó lè darí kọ̀ǹpútà. Ṣáájú rẹ̀, láti 1983, ni Richard Stallman ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó pè ní GNU ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èrò pé ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà yẹ kí ó ní òmìnira lórí ohun tí ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì dá sí i. Òmìnira mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: o lè lò ó bí ó ti wù ọ́, o lè wo inú rẹ̀ kí o kọ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, o lè tún un ṣe, o sì lè fún aládùúgbò rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìṣeré ni. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Linux ni ó ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù lọ ní ayé, òun náà ni ó sì wà ní ìpìlẹ̀ Android tí ń bẹ nínú fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín onílé àti ayálégbé. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n lọ ṣòwò ní Gánà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́lé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bí ọmọ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ni ó padà wálé lọ́wọ́ òfo. A kò fi ìyà tí àwọn ènìyàn wa jẹ wé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá gbé gbogbo ìṣúra rẹ̀ sí ibi tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó máa rántí pé ọjọ́ tí ó bá wu onílé ni yóò ní kí òun kó jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, a béèrè fún 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí ń jẹ́ Classmate fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni ó sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ti ń kó wọn bọ̀, ìròhìn jáde pé àwọn tí ń pèsè wọn fẹ́ yọ Linux kúrò kí wọ́n fi Windows sí i. Olórí Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ẹni tí ó jẹ́ olórí Microsoft nígbà náà, láti bi í léèrè ohun tí ó fa ìyípadà ọkàn yìí. Nígbẹ̀yìn ni àjọ ìjọba USPF, tí ó ń sanwó fún púpọ̀ nínú wọn, sọ pé Linux náà ni òun fara mọ́. Ẹ kíyè sí i pé àwọn òkèèrè méjì ni ó ń du ọmọ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ohùn olùkọ́ tí yóò dúró níwájú kíláàsì ni kò sì ròkè. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ni kí ó mọ̀, olùkọ́ ni kí ó sì yàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yàn yóò rí i pé oríṣi Linux pọ̀ bí àtàrí àwọn ọmọ nínú agbo ilé. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín. Ìdílé kan ṣoṣo ni kí ẹ mọ̀ ná. Debian, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ni ìyá. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní 2004, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí ọmọlúwàbí ènìyàn láàárín ènìyàn sọ lórúkọ, ni ọmọ. Linux Mint, tí ó jáde ní 2006, ni ọmọ-ọmọ. Fún ẹni tí ó ti mọ Windows, Mint ni a gbà níyànjú, nítorí pé bí a ti to ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ojú ti mọ̀. Ubuntu 24.04 ń béèrè fún ìrántí 4GB. Mint lè rìn pẹ̀lú 2GB, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ni yóò mú ara rọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ti darúgbó, èyí tí ń jẹ́ Xfce nínú àwọn Mint ni kí ẹ fún un. Mint 22, tí ó jáde ní 2024, yóò máa rí àtúnṣe gbà títí di 2029.

Ọ̀nà tí a ń gbà gbé e kalẹ̀ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ da gbogbo fáìlì pàtàkì kọ sí ibòmíràn: èsì ìdánwò, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan gba Mint sílẹ̀ láti ojú-òpó àwọn tí ó ṣe é gan-an. Nǹkan bí 3GB ni. Ẹyọ kan tí a bá gbà tó fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, nítorí pé òfin rẹ̀ gbà kí a pín in. Kò sí ìdí tí olùkọ́ ogún yóò fi ná owó dátà lẹ́ẹ̀ogún. Ẹ wá fíláàṣì 8GB tí kò sí ohun pàtàkì nínú rẹ̀, nítorí yóò parẹ́, kí ẹ sì fi ètò Rufus kọ Mint sí i. Bí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa tẹ F12 bí ó ti ń tàn, tàbí F9 bí ó bá jẹ́ HP, kí ẹ yan fíláàṣì náà.

Níhìn-ín ni ohun tí ó dára jù lọ wà: Mint yóò ṣí láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan báyìí. Ẹ wò bóyá ó rí Wi-Fi, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín gbọ́ràn sí i. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ àmì Install. Yóò bi yín bóyá kí òun gbé pẹ̀lú Windows tàbí kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ fara balẹ̀ ka ìbéèrè yìí kí ẹ tó dáhùn. Ẹ má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí iná kò dúró, àfi bí bátìrì kọ̀ǹpútà bá kún dáadáa.

Bí ó bá ti parí, LibreOffice ti wà nínú rẹ̀ fún ìwé kíkọ àti ìṣirò èsì, Firefox sì wà fún íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ fi GCompris kún un, àkójọ eré ìkọ́ni tí yóò kọ́ wọn ní máòsì, kíbọ́ọ̀dù àti ìṣirò. Kí olùkọ́ Yorùbá sì lọ sí ibi tí a ti ń yan kíbọ́ọ̀dù, yóò bá Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Àwa tí a mọ ayé tí a ń fi bírò to àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀wé tán, a mọ iyì ohun tí à ń wí.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́. Microsoft Office gan-an kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux, ìwé tí a fi Word tò dáadáa sì lè yí padà díẹ̀ bí a bá ṣí i ní LibreOffice. Bákan náà, ètò ìgbáradì ìdánwò tí a ṣe fún Windows nìkan lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní irú èyí, kí ó fi Windows sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì, kí ó sì fi Mint sí ìyókù. Ṣùgbọ́n láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ń dá ọmọ tálákà dúró níbẹ̀ kì í ṣe Windows tàbí Linux. Àìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ni. Kọ̀ǹpútà ogbó tí ó jí padà sàn ju tuntun tí ó wà nínú ìlérí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún kó kọ̀ǹpútà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ya fọ́tò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti iye ọdún tí yóò lò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó ara yín jọ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ bẹ àwọn ọmọ yunifásítì tí ó wà láàárín wa, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1990, kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Àwọn olùkọ́ ni ó mú un ṣeé ṣe, nínú kíláàsì tí kò tíì gbẹ tán. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Fíláàṣì kan, Sátidé kan àti olùkọ́ kan tí kò bẹ̀rù ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀.