Kí Ọdẹ Tó Wọ Oko Olóko

Ẹ̀yin àgbẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti jí lọ sí oko rí, tí ó bá àgbàdo ní ilẹ̀ gbọọrọ, tí òyà ti fi eyín gé e ní ìdí bí ẹni fi àdá gé e, a kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé ọdẹ wúlò fún àgbẹ̀. Òyà a máa jẹ àgbàdo, ìrèké, ìrẹsì, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Òru ni ó fi ń jẹun jù. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ó sì sábà máa ń bí tó ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí kò bá sí ẹni tí ń pa á, kì í pẹ́ kí ó tó gba oko mọ́ olóko lọ́wọ́. Ọdẹ ń wá ẹran, àgbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá òun dín ẹran kù. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ìjà ọdẹ àti olóko kì í tán ní àwọn abà wa. Ohun tí ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé ọdẹ wọlé láìtọrọ àyè, tàbí pé ó tọrọ, olóko sì dá a lóhùn pé “kò burú” láìsọ ohun tí ó wà nínú oko náà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ kan rò pé ilẹ̀ tí a kò kọ ebè sí kò ní olówó. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ilẹ̀ tí ó ń sinmi ní olówó gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a ń ro. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ìtọ́jú gómìnà nítorí gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n kò gba oko kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń dá a. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ àtìpó tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan, ó dára kí ọdẹ gba àyè lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbin nǹkan, nítorí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n wà níbẹ̀, àti lọ́dọ̀ olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀, nítorí pé ìdílé ni yóò dáhùn bí ọ̀ràn bá dé. Ní ti oko ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí ọdẹ pàdé lójú ọ̀nà má ṣe dá a lóhùn. Ìgbìmọ̀ ni kí ó gbọ́ ọ, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Ọ̀sán ni a ń tọrọ àyè, kì í ṣe òru. A kì í sì í gbé ìbọn lé èjìká lọ tọrọ. Ẹ gbọ́ bí ọdẹ kan tí a kọ́ dáradára yóò ti ṣe é nígbà tí ó bá bá àgbà nínú oko:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àrokobọ́dún o.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Àrìnpa o. Ṣé kò sí?”

“Kò sí, Bàbá. Ọmọ ilé Olúọdẹ ni mí. Mo rí ipa òyà tí ó ti ẹ̀bá odò wọ inú àgbàdo yín. Mo wá tọrọ àyè ni, bí ẹ bá lè jẹ́ kí n dẹ ibẹ̀ ní òru ọ̀la àti ti ọ̀túnla.”

“Ṣé ìwọ nìkan ni?”

“Èmi àti àbúrò mi kan ni, Bàbá. A kò ní í mú ajá wá.”

“Ó dára. Apá odò ni kí ẹ ti dẹ. Ẹ má ṣe kọjá ìrókò tí ò ń wò yẹn o, nítorí àwọn alágbàṣe mi ń sùn ní ahéré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti kún tó. Olóko mọ ilé tí ọdẹ ti wá, ó mọ òru tí yóò wá, ó mọ iye ènìyàn. Ọdẹ náà mọ ibi tí ìbọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí. Ẹ̀yin olóko, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbàgbé. Ọdẹ kò lè mọ̀ pé ẹlẹ́mu kan ń gun ọ̀pẹ yín ní ìdájí, tí imọ̀ ọ̀pẹ ń mì lókè nínú òkùnkùn bí ẹni pé ọ̀bọ ni ó ń fò kiri níbẹ̀. Kò lè mọ̀ pé àwọn ọmọ yín a máa jí lọ ṣa àgbálùmọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí pé ìyá àgbà kan ń gba ẹ̀yìn kòkó lọ pọnmi. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Ènìyàn tí ìbọn bá bà kì í jí nítorí pé a kò mọ̀ọ́mọ̀ yìn ín.

Bákan náà ni ti májèlé. A mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ kan a máa fi apakòkòrò sínú oúnjẹ kí òyà lè jẹ ẹ́ kú. Àṣà burúkú ni, a sì ń rọ̀ yín kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe é kò gbọdọ̀ fi ojú tì í pamọ́ fún ọdẹ; nítorí ẹran tí ó bá jẹ májèlé lọ́jọ́ Ajé lè wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní ìlú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbà fún ọdẹ kankan, ìbáà jẹ́ àna yín: kí ó ti iná bọ igbó láti lé ẹran jáde. Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá mú, iná igbó jó ọ̀pọ̀ oko kòkó run ní ilẹ̀ Gánà. Kòkó tí a bá tún gbìn lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Òyà mẹ́wàá kò tó san gbèsè igi kòkó kan ṣoṣo.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti ẹran tí ó fara gbọgbẹ́. Ọdẹ yìnbọn nínú oko tí a ti fún un láyè, àgbọ̀nrín sì sá gba ààlà kọjá sínú oko ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, ọdẹ kò sì fẹ́ pàdánù ẹran rẹ̀. Ó wọlé tẹ̀ lé e, ó tẹ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, ó bá olóko pàdé, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọdẹ lọ rí àwọn tí oko wọn pààlà pẹ̀lú ibẹ̀ ṣáájú, kí ó sì bi wọ́n léèrè pé, “Bí ẹran mi bá sá wọ ọ̀dọ̀ yín ńkọ́?” Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ìpín olóko, ìbáà jẹ́ itan kan tàbí ohun mìíràn, nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè nínú igbó. Ẹran tí ó ti kú sílẹ̀ ṣòro láti pín ní ìtùnbí ìnùbí. Bí olóko kejì bá sì kọ̀, kí ọdẹ jókòó jìnnà sí ààlà rẹ̀. Kíkọ̀ kì í ṣe ìkórìíra. Ó lè jẹ́ pé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ń jẹko níbẹ̀.

Àyè tí a fún ọdẹ kan kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí àkókò tí a dá bá kọjá, kí ó tún wá tọrọ. Ẹ sì lè béèrè ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ láìtijú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ṣakabùlà pàápàá mọ́ àwọn tí ó gbọdọ̀ ní ìwé.

Ẹ̀yin ará Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, ẹ rántí pé ilẹ̀ kan wà tí olóko kò lè fi tọrẹ. Àwọn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Òkè Ògùn ní 1936 àti ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941 ti di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè láti ọdún 1991. Kò sí baálẹ̀ tàbí ọba tí ó lè fún ọdẹ láyè láti pa ẹran níbẹ̀.

Ní ayé ìsinsin yìí, ìtọrọ àyè ti di ààbò fún ọdẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ajínigbé ń ba àwọn ará oko, ẹni tí wọn kò bá mọ̀ tí ó gbé ìbọn lóru kì í ní àyè láti ṣàlàyé. Láti ọdún 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ igbó. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan pe Olúọdẹ àdúgbò rẹ̀ sí ìpàdé kí àgbàdo tó yọ ọmọ, kí ó mú orúkọ àwọn tí yóò máa dẹ oko ẹgbẹ́ wá, kí a sì rìn yí ààlà ká pẹ̀lú wọn ní ọ̀sán gangan. Bí òru ọdẹ bá sì parí, kí ọdẹ gba ahéré kọjá ní òwúrọ̀, kí ó sọ ohun tí ó pa fún olóko, kí ó sì fi ibi tí tàkúté tàbí ẹ̀bìtì rẹ̀ ṣì wà hàn án, kí àwọn tí ń bọ̀ wá roko má baà fi ẹsẹ̀ rí i.